Lẹ́tà Gbénga Ní Ọjọ́ Fúráìdè

Bradford,
Ọjọ́ 18, oṣù Kìn-ín-ní, 2004

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màmá. Ẹ kú ọyẹ́. Mo mọ bí ọyẹ́ Zaria ṣe máa ń wọ egungun àgbà, mo sì fẹ́ gbà gbọ́ pé súwẹ́tà tí mo fi rán Bọ̀ọ̀dá Ernest sí yín wà lọ́rùn yín, pé kò sí nísàlẹ̀ àpótí. Ara tèmi le. Iṣẹ́ ilé ìkàwé náà ni mo ṣì ń ṣe. Ìwé tí àwọn ènìyàn bá dá padà ni mo ń tò sórí pẹpẹ, wọ́n sì ń jẹ́ kí n lo kọ̀ǹpútà wọn ní àsìkò ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló mú kí n kọ ìwé yìí. Bí mo bá ti fẹ́ dá a sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára, ẹ ó sì gbé fóònù lé Màmá lọ́wọ́. Mo wá ní kí n fi bírò béèrè.

Bàbá, ta ló ń kọ Ìròyìn Sábó?

Ẹ̀gbọ́n mi Gbénga ló dá a sílẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń fi íméèlì kó ìròyìn Sabon Gari ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Zaria tí wọ́n ti fọ́n ká: ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ilé tí ìjì ṣí. Ní gbogbo Fúráìdè ni, láti káfè Hámzàt ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kwangila. Ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló ń gbà á, mo wà lára wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá tó kọjá, ọkọ̀ tó wọ̀ dànù ní ọ̀nà Kaduna. Ẹ̀yin lẹ pè mí, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ìròyìn Sábó ò wá. Mo ní ó ti bá a lọ.

Nígbà tó di Fúráìdè, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, mo ṣí íméèlì mi níbi iṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè: Adégbénga Ọláníran. Mo ṣí i. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin ará wa, èmi Adégbénga tún dé o. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀." Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an ni. Ó fi Bọ̀ọ̀dá Ernest ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Obìnrin kan dúró níwájú mi, ó ń béèrè ìwé, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé irọ́ lẹ pa fún mi, pé kò kú. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni mo fi gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé Màmá ni mo gbọ́ tó ń sunkún lórí fóònù, Màmá kì í sì í ṣe eré.

Mo pe Hámzàt. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ Bàbá.

Ó ti di Fúráìdè mẹ́jọ báyìí. Nígbà mìíràn n kì í ṣí íméèlì rárá títí di ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n tí mo bá débẹ̀, ó ti jókòó dè mí.

Ilé ìkàwé wa náà máa ń fi ìròyìn ìwé tuntun ránṣẹ́ báyìí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà kan wà: bí ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ẹ tẹ ibí yìí. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ó parí, ẹnikẹ́ni ò ní bí i léèrè. Ti Gbénga ò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà láyé mo bi í pé kí ló dé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ará ilé kì í fi ilé sílẹ̀. Nítorí náà ẹni yòówù kó máa kọ ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yọ orúkọ mi kúrò. Mi ò lè dá a lóhùn lórí àdírẹ́sì yẹn. Mi ò lè kọ̀wé sí òkú.

Èmi ọmọ yín,
Ọmọ́bọ́lá


Sabon Gari, Zaria,
Ọjọ́ 15, oṣù Kejì, 2004

Àsàbí, ọmọ mi,

Ìwé rẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà kó tó dé ọwọ́ mi. A dúpẹ́ pé ara rẹ le. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o má máa jẹ oúnjẹ tútù. Súwẹ́tà wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

O béèrè ẹni tó ń kọ ọ́. Èmi ni.

O mọ̀ pé bàbá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ní ọjọ́ náà, ilé Ernest àbúrò mi ní Hanwa ni wọ́n kó èmi àti ìyá rẹ lọ. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń fi Hausa sọ pé sai haƙuri, ẹ ṣe sùúrù, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń jáde. Mi ò rí ojú rẹ̀. Mi ò rí pósí. Nígbà tí a padà sílé, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe bọ́ ọ sílẹ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo lọ kó ẹrù rẹ̀ ní káfè Hámzàt. Hámzàt ṣí kọ̀ǹpútà pé kí n wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo rí ìwé àwọn ènìyàn. Gbénga, kí ló dé tí a ò gbúròó rẹ? Gbénga, ṣé kò sí wàhálà nílùú? Irú rẹ̀ tó ogójì. Àánú wọn ṣe mí, mo ní kí Hámzàt bá mi tẹ èsì. Mo ní kó kọ Adégbénga, ó kọ ọ́. Ó dúró de ọ̀rọ̀ tó kàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé, mo ti to ìkéde òkú tí mi ò lè kà tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan yẹn ò jáde lẹ́nu mi. Ohun tó jáde ni pé, "Adégbénga tún dé." Hámzàt wò mí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èsì ti ń wọlé. A dúpẹ́ pé o wà. Ọlọ́run ṣeun. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ mi wà láàyè. Mo jókòó níbẹ̀, inú mi dùn. Mo ń sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ irú ènìyàn tí mo dà.

Ní ti orúkọ rẹ tí o ní kí a yọ, mi ò ní yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò nílé ni wọ́n ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú, o ò wá. Ní báyìí tó ń kọ̀wé sí ọ, o ní o ò gbà á. Ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?

Ojú ń dùn mí nítorí iná kọ̀ǹpútà náà. Bí o bá rí awò ìkàwé tó lágbára ju tàtẹ̀yìnwá lọ, fi ránṣẹ́.

Bàbá rẹ


Bradford,
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2004

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìnira ojú. Awò náà wà nínú páálí kékeré tí mo fi lé ọmọ Alhaja Sarat aládùúgbò wa lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń padà sí Zaria. Bí ó bá fún yín jù létí, kí Màmá fi omi gbígbóná mú apá awò náà rọ̀.

Ẹ ní mi ò wá. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba wọn níbí, bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé mi ò bìkítà, pé mo ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní, "Dúró síbi tí o wà. Ìwọ nìkan ló kù fún mi." Mo dúró nítorí pé ẹ ní kí n dúró. Ẹ̀yin ò rí ojú rẹ̀, èmi náà ò rí i. Mi ò ní tún sọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀yin lọ. Grace pè mí láti Toronto ní Sátidé tó kọjá.

Ẹ ò lè ṣàìrántí Grace, ọmọ olùkọ́ tó ń gbé ẹ̀yìn ilé Bọ̀ọ̀dá Ernest. Ọdún mẹ́rin lòun àti Gbénga fi ń fẹ́ ara wọn kó tó lọ. Ọ̀rọ̀ pé ta ni yóò wá bá ta ni ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó kú. Ìròyìn Sábó nìkan ló ń gbà, Ìròyìn Sábó ò sì sọ fún un.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti dá mi lóhùn." Ohùn rẹ̀ ń dún bí ohùn ẹni tó sáré gun òkè. Ó ní òun kọ̀wé tọrọ àforíjì sí àdírẹ́sì Ìròyìn ní oṣù tó kọjá, èsì sì dé ní ọjọ́ kẹrin. Ó kà á sí mi létí: "Mo wà ní àlàáfíà. Inú ò bí mi mọ́. Máa bọ̀."

Bàbá, Gbénga kì í sọ pé máa bọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ bá délẹ̀ tí a ṣì wà níta.

Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìparí oṣù Kẹfà ló ń bọ̀ wá sí Zaria. Ó bi mí bóyá Gbénga ti sanra. Mo ní rárá, ó tilẹ̀ rù díẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò mọ ibi tó ti jáde. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, mo ń rí i bó ṣe rù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ kọ ọ́ ní orúkọ tiyín.

Ọmọ́bọ́lá


Bradford,
Ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, 2004

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ Alhaja Sarat ní ẹ gba awò náà, ẹ sì dúpẹ́. Lẹ́tà ńkọ́?

Ìròyìn Sábó ò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀. Ti Fúráìdè tó kọjá yìí ní Gbénga jẹ máńgòrò àkọ́so ní àdúgbò PZ, oje rẹ̀ sì kán sí i láyà. Ó ní ẹ̀yìn bàbá òun tó ń dun ún ti fúyẹ́. Ó ní, "Bàbá mi ti ń rẹ́rìn-ín báyìí." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń ro bí ẹ ṣe jókòó níwájú Hámzàt tí ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn jáde, tó sì ń tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo pe Màmá láti béèrè bóyá ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbàdúrà.

Ó ń ṣe mí ní nǹkan tí mi ò lè ṣàlàyé. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí mi ò rí ojú rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé, ẹ̀yìn orí rẹ̀ dà bí ti Gbénga. Mo mọ̀ pé òyìnbó ni. Síbẹ̀ mo gba ẹ̀yìn pẹpẹ lọ kí n má baà rí iwájú rẹ̀.

Grace ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbé ìkejì. Ó ń béèrè aṣọ tí yóò rà fún un, ó fẹ́ mọ ìwọ̀n ọrùn rẹ̀.

Bàbá, bí oṣù yìí bá parí tí ẹ ò sọ fún un, èmi yóò sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ pè é. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́.

Ọmọ́bọ́lá


Sabon Gari, Zaria,
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, 2004

Àsàbí,

Mo kí ọ. Òjò ti ń rọ̀ níbí, ìlú ti tutù. Má rò pé ìwé rẹ ò dé. Méjèèjì dé. Abẹ́ Bíbélì ni mo fi wọ́n sí, bí mo bá fẹ́ ka Sáàmù ni mo ń rí igun wọn.

Kí n sọ ti Grace. Ìwé tó kọ gùn. Ó ní ìgbéraga ló ṣe òun, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ní ìparí, ó ní, "Bí o kò bá dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé mo ti kú lójú rẹ." Mo rò ó pé ọmọdé yìí ò yẹ kó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rìn. Mo mọ̀ pé bí Gbénga bá wà, yóò foríjì í. Mo ní kí n bá a foríjì í. Máa bọ̀ yẹn ti jáde lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀, kì í sì í ṣe Hámzàt ló tẹ̀ ẹ́, ìka tèmi ni. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí mo rí ohun tí mo ṣe, ó ti lọ. Ìwé tí a bá fi bírò kọ, ènìyàn lè sáré lé òṣìṣẹ́ pósítọ́fíìsì bá. Èyí, kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé etí ìyá rẹ. O mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan nípa íméèlì. Ó rò pé àgbà ẹgbẹ́ ni mo ń lọ bá kọ ìwé ìpàdé ní Kwangila. Alhaja Sarat ló pàdé rẹ̀ ní PZ ní ìparí oṣù Karùn-ún, ó ní ọmọ òun kejì tó wà ní Dubai ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Gbénga, pé ìkíni rẹ̀ múnú òun dùn. Alhaja rò pé ọmọ náà ṣèèṣì ni. Ìyá rẹ ò rò bẹ́ẹ̀.

Ó dé, ó se oúnjẹ, ó gbé e síwájú mi. Ó jókòó. Ó ní, "Bàbá Gbénga, orúkọ ta ni ẹ ń jẹ́ ní ọjọ́ Fúráìdè?"

Mo sún àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pàdánù rẹ̀. Ẹ̀yin ń pàdánù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ kó dúró síbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí."

Láti ọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀ àti ẹ kú iṣẹ́ nìkan ló ń bá mi sọ.

Ọjọ́ Fúráìdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí káfè láti kọ òtítọ́. Mo jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Jímọ̀ tí Hámzàt lọ kírun tó sì padà dé, mi ò tẹ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Mo pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí náà, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà Fúráìdè méjì ti lọ tí nǹkan kan ò fi wá sọ́dọ̀ rẹ. Bóyá o ti rí i.

Hámzàt ní òun lè fi irú ìlà tí o sọ sísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ènìyàn yóò tẹ̀ láti kúrò. Mo bínú nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní báyìí, ó yé mi pé gbogbo àwọn ènìyàn yẹn ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ pẹ̀lú òkú ọmọ mi, tí wọn ò sì mọ̀. Mo ti ní kó fi í sí i.

Ọjọ́ 11 ni Fúráìdè tó ń bọ̀. Kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, yálà mo ti ṣe é tàbí ó tún ti ṣẹ́gun mi.

Bàbá rẹ


Bradford,
Ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà, 2004

Bàbá mi,

Mo kí yín o, mo kí yín.

Ìwé kankan láti ọ̀dọ̀ yín ò tíì dé ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n Ìròyìn Sábó ti ọjọ́ 11 dé. Mo dá a kọ síbí kí ẹ lè mọ̀ pé bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló ṣe dé:

"Ẹ̀yin ará wa. Èmi tí mo ń kọ èyí kì í ṣe Adégbénga. Èmi ni Hosea Ọláníran, bàbá rẹ̀. Adégbénga kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá. Gbogbo ìwé tí ẹ rí gbà láti ìgbà náà, èmi ni mo kọ wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ẹ foríjì mí. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, kó tẹ ìlà tó wà nísàlẹ̀. A ò ní bi yín léèrè ìdí."

Orí ìdúró ni mo ti kà á. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ń to ìwé àwọn ọmọdé sí, nítorí pé kì í sí ènìyàn níbẹ̀ ní àárọ̀, mo sì sunkún. Láti oṣù Kẹwàá, mi ò sunkún rí. Mo máa ń rò pé ìwà burúkú ni mo ní. Àṣé ohun tó dí mi lọ́nà ni pé Fúráìdè mìíràn ń bọ̀.

Mo wo ìlà náà. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́.

Bàbá, Grace ò rí i. Mo ní èmi yóò sọ fún un bí oṣù Karùn-ún bá parí, mi ò lè sọ ọ́. Mo pè é ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ló gbé fóònù, ó ní Grace ti yí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, ó ti lọ láti Ọjọ́rùú, ọjọ́ kẹsàn-án. Ó ní ó fẹ́ dé kí ẹ̀yin tó máa retí rẹ̀. Ó wà ní Lagos lọ́dọ̀ Ọmọ́bísí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà ibẹ̀. Mo ti ń pe fóònù yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò lọ. Ti Bọ̀ọ̀dá Ernest lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní àárọ̀ yìí, mo sì sọ fún wọn.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí ò lè ṣáájú rẹ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ nítorí pé mi ò lè jókòó lásán.

Ọmọ́bọ́lá


Sabon Gari, Zaria,
Ọjọ́ 11, oṣù Keje, 2004

Àsàbí, ọmọ mi tòótọ́,

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó sọ nǹkan mìíràn, nítorí náà mo kí ọ. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ernest gbọ́ tìrẹ ní Sọ́ńdè, ọjọ́ 20 oṣù tó kọjá. Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni Grace ti dé.

Ọ̀sán ni. Ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà níta, mo wà lórí àga mi. Grace wọlé pẹ̀lú báàgì kan, ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, Gbénga ńkọ́?" Ìyá rẹ ò wò mí. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ náà, ó mú un wọlé. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe. Mi ò ní kọ bó ṣe rí.

Nígbà tó jáde, ó dúró níwájú mi. Ó ní, "Bàbá, ta ló ní kí n máa bọ̀?"

Mo ní, "Èmi ni."

Mo ń retí pé yóò bú mi. Bí ó bá tilẹ̀ nà mí, n ò ní gbé ọwọ́ sókè. Kò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó yá, ó ní kí n mú òun lọ síbi tí a sin ín sí. Mo ní mi ò mọ ibẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà nígbà náà. Ó ní, "Ẹ ò mọ ibẹ̀?" Mo ní àṣà wa ni, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ̀.

Hámzàt ló mú un lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n dé, ó wá bá èmi àti ìyá rẹ nínú pálọ̀, kò béèrè bóyá a fẹ́ gbọ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà, pé igi dógóyárò kan wà nítòsí tí òjìji rẹ̀ máa ń bò ó ní ọ̀sán. Ó ní ilẹ̀ pupa rẹ̀ ti wọlẹ̀ díẹ̀, koríko sì ti bẹ̀rẹ̀ sí hù lórí rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ dákẹ́. Mo ń retí pé kí ìyá rẹ dá a lẹ́kun. Kò dá a lẹ́kun. Ó béèrè bóyá ewúrẹ́ máa ń dé ibẹ̀. Grace ní rárá, wọ́n ń ṣọ́ ibẹ̀.

Àsàbí, láti oṣù Kẹwàá ni mi ò ti mọ ibi tí ọmọ mi wà. Ní ọjọ́ náà ni mo mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó bá mi lọ sí káfè. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ yọ orúkọ mi. Kì í ṣe ìbínú. Mi ò kàn fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tún máa dé bá mi." Mo ní ó lè fúnra rẹ̀ tẹ ìlà náà. Ó ní òun fẹ́ kí n ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ó jókòó tì mí, mo ṣe é. Hámzàt wá ní ẹni tó bá kúrò, ẹ̀rọ náà máa ń fi ìwé kúkurú ránṣẹ́ sí i láti jẹ́ kó mọ̀ pé ó ti kúrò, kí ni kí òun kọ síbẹ̀? Mo ní kó kọ ọ́ pé, "A ti gbọ́. Máa lọ ní àlàáfíà. Inú ò bí wa." Grace kà á lójú kọ̀ǹpútà. Ó mi orí pé ó dára.

Ọjọ́bọ̀ ló padà sí Lagos. Ìyá rẹ di kúlíkúlí sínú báàgì rẹ̀, ó sì sìn ín dé páàkì. Kò kọ̀wé sí wa láti ìgbà náà, mi ò sì retí pé kó kọ ọ́.

Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti tẹ ìlà náà. Ernest wà lára wọn, ó wá sílé wá sọ fún mi, a sì jọ jẹun. Ọkùnrin kan ní Jeddah kọ ọ́ pé oníjìbìtì ni mí, pé òun ń gbàdúrà fún Gbénga lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí alààyè. Mi ò dá a lóhùn, nítorí mi ò rí ibi tó ti ṣìnà. Àwọn kan sọ̀rọ̀ rere. Ọmọ Alhaja Sarat tó wà ní Dubai ní òun fẹ́ kí n máa kọ ọ́ lọ ní orúkọ tèmi. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀. Mo bi ìyá rẹ léèrè ohun tí n óò kọ, ó ní kí n kọ ọ́ pé òjò pọ̀, pé afárá kékeré ọ̀nà Hanwa ti wó. Kò dùn tó bí Gbénga ṣe máa ń kọ ọ́. Ènìyàn mẹ́rin ló dáhùn.

Orúkọ tìrẹ ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ ló wà, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi ni ọ́ síbẹ̀. Ohun tí mo kọ sí ọ ní oṣù Kejì nípa ẹni tí wọ́n lé nílé, má jẹ́ kó wà lọ́kàn rẹ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìjẹta tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ìyá rẹ. Hámzàt ṣí orúkọ gbogbo àwọn tó kù kí a lè kà wọ́n. Ẹni tó wà lókè pátápátá, kí ó tó kan ẹnikẹ́ni, ni Gbénga fúnra rẹ̀. Hámzàt ní òun ti gbàgbé. Ó ní ó fi àdírẹ́sì tirẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè máa mọ̀ bóyá Ìròyìn ti lọ. Gbogbo ohun tí mo ń kọ ní orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, òun ni mo kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí.

Àwọn tó kù lè fúnra wọn tẹ ìlà náà. Òun ò lè tẹ̀ ẹ́.

Hámzàt ní kí òun bá mi yọ orúkọ rẹ̀. Mo ní rárá. Ẹ̀rọ náà béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ti gbàgbé pé ìwé kúkurú yẹn yóò lọ bá òun náà. Ó yọ lójú kọ̀ǹpútà pé ó ti lọ, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lókè, àti ọ̀rọ̀ tèmi nísàlẹ̀: A ti gbọ́. Máa lọ ní àlàáfíà. Inú ò bí wa.

Hámzàt jáde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo kà á tán. Mo ní àmín, mo sì dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hosea Ọláníran